Bẹ́líìtì Ń Ka Ọjọ́, Ṣéènì Ń Jẹ Ọ́ìlì

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí lẹ́bàá títì Ìkòròdú mọ ìbéèrè tí mo fẹ́ sọ yìí. Oníbàárà ti wo ara ọkọ̀ yíká, ó ti fẹsẹ̀ gbá táyà, ó ti tẹ fèrè, ó ti ní kí wọ́n tan éèsì kí òun lè mọ̀ bóyá ó ń tutù. Ó wá yíjú sí mẹkáníìkì tó bá a wá: "Ọ̀gá, ṣéènì ni àbí bẹ́líìtì?" Kí mẹkáníìkì tó la ẹnu, ẹni tó ń ta ọkọ̀ ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Ṣéènì ni, Alàgbà. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án títí ayé." Ojú oníbàárà á tú ká, owó á jáde.

Ìdajì àkọ́kọ́ nínú èsì yẹn lè jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì ló ti sọ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó dára di irin àlòkù tí wọ́n ń wọ̀n tà ní Owódé Onírin. Kò sí ṣéènì tí a kì í fọwọ́ kàn títí ayé. Bẹ́líìtì náà kì í ṣe àrùn tí a ó máa sá fún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní í sọ lónìí, ìyókù àlàyé rẹ̀ ni: ọjọ́ orí ni bẹ́líìtì ń kà, ọ́ìlì ni ṣéènì ń jẹ, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ kò lè mọ ohun tí yóò fún un.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí ọkọ̀ ná, ká lọ sídìí odó. Ní ilé ìnáwó, ẹ ó rí obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ẹni àkọ́kọ́ bá ń lọ sókè, ti ẹnì kejì á máa bọ̀ nísàlẹ̀, ti ẹnì kẹta á wà lágbedeméjì. Kò sẹ́ni tó ń kà á fún wọn ní ení, èjì. Ìró odó fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orin tí wọ́n ń kọ, ni kì í jẹ́ kí wọ́n kọlu ara wọn. Ẹ wá rò ó wò bí ẹnì kan bá ṣi ìgbà mú níbẹ̀. Ọmọ odó méjì á pàdé, ọ̀kan lè kán, ìka ẹnì kan lè bá a lọ, iyán á sì dúró.

Irú odó bẹ́ẹ̀ ni sílíńdà inú ẹ́ńjìnnì. Písítìn ni ọmọ odó tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Láti òkè, àwọn fáàfù ń yọ orí wọ inú odó kan náà: ọ̀kan ń gba atẹ́gùn àti epo wọlé, èkejì ń tú èéfín síta. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe láṣetúnṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì tí Nikolaus Otto ará Jámánì ṣe ní 1876 ti ń ṣe é: á fa atẹ́gùn àti epo mu, á fún un pọ̀, á jó o, á tu èéfín rẹ̀ dànù. Kíránkì tó wà nísàlẹ̀ ni àwọn písítìn ń yí, ìyíyí rẹ̀ ló sì ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Káàmù, tó sábà máa ń wà lókè, ló ń ṣí fáàfù. Kí iṣẹ́ mẹ́rin yìí tó pé, kíránkì á yí lẹ́ẹ̀mejì, káàmù á yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdí nìyẹn tí jíà káàmù fi máa ń ní eyín ìlọ́po méjì ti kíránkì. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 20, ti òkè á jẹ́ 40.

Ta wá ló ń sọ fún káàmù lókè ohun tí kíránkì ń ṣe nísàlẹ̀? Orin ìdí odó yẹn la ń wá o. Nínú ọkọ̀, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì, ó lè jẹ́ ṣéènì. Táímìn bẹ́líìtì àti táímìn ṣéènì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ pẹ̀lẹ́. Bí abẹ́rẹ́ aago ẹ́ńjìnnì bá wà lórí 3, kíránkì ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, káàmù ń yí nígbà 1,500, fáàfù kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí, ó ń pa dé, nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí kọ̀ndọ́ tó pe "Kétu!" tán, fáàfù kan ti ṣí nígbà bíi mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe fi fáànù bẹ́líìtì pè é o. Fáànù bẹ́líìtì wà níta, ojú lè rí i, òun ló ń yí ọ́tánétọ̀ àti éèsì. Bí ó bá fẹ́ já, ó máa ń ké. Inú ìdérí ni táímìn bẹ́líìtì ń gbé, kì í sì í ké rárá.

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa lè béèrè pé níbo ni gbogbo wàhálà yìí wà nígbà tí àwọn ń wa ọkọ̀ tiwọn. Òótọ́ ni. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry, ní 1975, kò ní bẹ́líìtì nídìí táímìn, kò sì ní ṣéènì. Jíà kíránkì ló fi eyín bọ eyín jíà káàmù tààrà. Dáńfó àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, bákan náà ló rí. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975 yẹn kan náà ń lo ṣéènì. Títí di òní, tírélà tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya wọ Mile 12, jíà ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn ń lò. Jíà kì í já. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń pariwo, bí káàmù bá sì ti jìnnà sókè, jíà mẹ́ta mẹ́rin la ó tò léra kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tírélà lè rù ú. Ọkọ̀ kékeré tí káàmù rẹ̀ wà lókè kò lè rù ú.

Ṣéènì ti pẹ́ láyé. Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló gbé irú ṣéènì tí a mọ̀ lónìí jáde ní 1880, ìbátan rẹ̀ sì ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere. Bẹ́líìtì eléyín kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. Láàárín 1940 sí 1950 ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ ìránṣọ Singer, kí abẹ́rẹ́ òkè àti bọ́bìnnì ìsàlẹ̀ lè máa bára wọn rìn. Aránṣọ tó ti rí bí òwú ṣe ń dì nígbà tí abẹ́rẹ́ àti bọ́bìnnì kò bá gbọ́ra wọn yé ti mọ ohun tí táímìn jẹ́, kódà bí kò bá ní ọkọ̀. Ní 1962, iléeṣẹ́ Glas ní Jámánì gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde, Glas 1004, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún títà lọ́jà tí bẹ́líìtì rọ́bà ń yí káàmù rẹ̀. Fiat tẹ̀ lé e ní 1966. Rọ́bà fúyẹ́, kì í pariwo, owó rẹ̀ kéré, kò sì nílò ọ́ìlì. Kò pẹ́ tí ó fi gba ayé kan. Passat àti Santana tí wọ́n tún tò ní Ọ̀jọ́, bẹ́líìtì ni. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2000, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sídìí ṣéènì, nítorí pé owó pípààrọ̀ bẹ́líìtì ti sú àwọn oníbàárà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì lójú pópó Ìkòsì fi lè ní ohun tó yàtọ̀ pátápátá nínú.

Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ dájọ́. Ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ wò. Camry tí a ń pè ní Orobo, èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin, bẹ́líìtì ni. Big Daddy tó dé ní 2002, bí ó bá jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin, ṣéènì ni. Bí ó bá jẹ́ V6, ìyẹn onísílíńdà mẹ́fà, bẹ́líìtì ni. Láti ọdún 2007, Camry Muscle, àti onísílíńdà mẹ́rin àti V6, ti di ṣéènì. Honda Accord tí Èkó sọ lórúkọ End of Discussion, ti 2003 sí 2007, tún lárékérekè jù bẹ́ẹ̀ lọ: onísílíńdà mẹ́rin ní ṣéènì, V6 ní bẹ́líìtì, lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ nìkan ló sì lè ya wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹni tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lexus RX 330, bẹ́líìtì. RX 350 tó rọ́pò rẹ̀ ní 2007, ṣéènì. Sienna tí àwọn ìyá ọlọ́jà wa ń fi kó ata, ti 2004 sí 2006 jẹ́ bẹ́líìtì, láti 2007 lọ sókè jẹ́ ṣéènì. Hilux D-4D oní-dísù ti àtẹ̀yìnwá ń lo bẹ́líìtì, ó sì ní àánú kan: iná kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ T-BELT sí, tí yóò tàn nígbà tí ọjọ́ bá pé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò kó má baà máa da dẹ́rẹ́bà láàmú.

Bí kò bá sí ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí fáànù bẹ́líìtì wà. Bí ìdérí ibẹ̀ bá jẹ́ ike dúdú tí wọ́n fi bóòtù kéékèèké dè, bẹ́líìtì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irin tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì pinpin kí ọ́ìlì má baà yọ, ṣéènì ni. Ike pẹrẹsẹ tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ sí, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ń bọ̀ láti orí Third Mainland, mo ti kọjá Ògùdù, mo ń wo Alápẹ́rẹ́ níwájú. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí mo rà kò tíì pé oṣù márùn-ún lọ́wọ́ mi. Kò gbóná, kò rú èéfín, kò dún kankan. Ó kàn dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n fa iná ilé rẹ̀ yọ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo rò pé epo ló tán, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kíkì yí wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, ó fúyẹ́, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi tilẹ̀ dùn pé bátìrì mi lágbára. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, mo yí i lẹ́ẹ̀kẹta, mo yí i lẹ́ẹ̀kẹrin. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó gbọ́ ìró kíkì náà tó fi mi orí. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kíkì í mọ́." Ìró tó fúyẹ́ yẹn gan-an ni àmì. Fáàfù ò pa dé mọ́, afẹ́fẹ́ kò sí ohun tó dá a dúró, kò sí ẹrù lọ́rùn kíkì. Nínú fáàfù mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ ti tẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò parọ́: n kò bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí fáàfù fi tẹ̀? Ẹ rántí odó wa. Bí bẹ́líìtì bá já, káàmù á dúró gbagidi níbi tó bá dé, àwọn fáàfù kan á sì wà ní ṣíṣí, wọ́n á yọ orí sínú odó. Písítìn kò mọ̀ pé orin ti dákẹ́. Ó ń gòkè bọ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, odó náà jìn débi pé ọmọ odó méjèèjì kì í kan ara wọn bó ti wù kó rí. Ẹ́ńjìnnì Camry Orobo onísílíńdà mẹ́rin wà lára irú wọn: bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já lójú ọ̀nà, òmíràn lẹ ó fi sí i, ẹ ó sì máa bá tiyín lọ. Nínú àwọn mìíràn, bíi ti Honda Accord 1998 sí 2002 àti àwọn V6 Honda, ààyè yẹn kò sí. Gbogbo dísù ni kí ẹ kà mọ́ irú èyí, nítorí pé kí dísù tó lè jó láìsí pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n gbọ́dọ̀ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi, ibi tó kù fún fáàfù kò tó nǹkan. Níbẹ̀, bẹ́líìtì tó já túmọ̀ sí tọ́pù sílíńdà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú, ìgbà mìíràn písítìn náà á lu.

Okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe egungun bẹ́líìtì, wọ́n wá fi rọ́bà tó le bò ó. Ooru ń gan rọ́bà. Ọ́ìlì tó bá ń jò sí i láti ojú síìlì káàmù tàbí kíránkì ń mú un wú, omi rédíétọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, yanrìn sì ń jẹ eyín rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé Agílítì àti ẹ̀bá Owódé Onírin mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀ tí odò Ògùn sì kún bọ́ sójú títì. Ọkọ̀ tó bá wọ́ omi bẹ́ẹ̀ kọjá, ẹrẹ̀ lè wọ abẹ́ ìdérí ike yẹn, ó tún burú sí i bí mẹkáníìkì bá ti yọ ìdérí náà sọnù nítorí pé ó ń gba àsìkò rẹ̀ láti tò ó padà. Ẹ béèrè ìdérí yín. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọjọ́ tí ó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àbá. Fún ẹ́ńjìnnì V6 inú RX 330 àti Sienna àtijọ́, Toyota sọ pé máìlì 90,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Honda sọ máìlì 105,000 tàbí ọdún méje fún V6 rẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ṣùgbọ́n Honda fi kún un pé ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ déédéé níbi tí ooru ti ju 43°C lọ, kó pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 60,000. Ojú ọjọ́ Èkó kì í dé ibẹ̀ yẹn. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó dúró sójú kan láàárín Ọjọ́ta sí Mile 12 lọ́sàn-án gangan ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yìí gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Aago máìlì kì í ka ìdúró. Ọkọ̀ tó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ń yí kíránkì ní nǹkan bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ìgbà 48,000 ni. Gbogbo rẹ̀ ni bẹ́líìtì kà mọ́ ara rẹ̀; lójú aago máìlì, òdo ni. Ẹni tó ń lọ láti Kétu sí CMS láàárọ̀ tó sì ń padà nírọ̀lẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi máìlì ará Texas tó ń sáré lórí ọ̀nà òfìfo ṣírò tirẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, mo máa yọ ìdá mẹ́ta kan kúrò nínú iye tí ìwé sọ. Fún ọkọ̀ tòkunbọ̀ oní-bẹ́líìtì, kò sí ìṣirò kankan rárá: ọ̀sẹ̀ tí ẹ rà á ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí aago rẹ̀ ń sọ, ẹlòmíì lè ti bá a sọ ọ́.

Bí ẹ bá sì máa ṣe é, ẹ ṣe é tán. Tẹnṣánnà tó ń fà á le, róólà tó ń gbà á kọjá àti síìlì tó wà lẹ́yìn wọn, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pa pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, táímìn bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí wọ́tà pọ́ńpù. Bí pọ́ńpù àtijọ́ bá wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, owó iṣẹ́ kan náà lẹ ó tún san, omi á sì ti ba bẹ́líìtì tuntun jẹ́. A ń ra ohun tòkunbọ̀ púpọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, n kò sì rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Iná iwájú tòkunbọ̀ dára, ilẹ̀kùn tòkunbọ̀ dára. Bẹ́líìtì tòkunbọ̀ kò dára. Ẹlòmíì ti lo ayé rẹ̀.

Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ máa ń wá máàkì tí iléeṣẹ́ fín sára jíà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kó tó tú nǹkan kan. Àwọn mìíràn á fi ẹfun tàbí tipẹ́ẹ̀sì sàmì síbi tí wọ́n ti bá a, wọ́n á sì tò ó bẹ́ẹ̀ padà. Bí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn bá ti ṣì í, àṣìṣe náà ni wọ́n tún dì padà. Ohun kan wà tí ẹ lè fi mọ ọ̀gá. Lẹ́yìn tó bá tò ó tán, kò ní sáré sídìí kọ́kọ́rọ́. Yóò mú sípánà ńlá, yóò fi ọwọ́ yí kíránkì lẹ́ẹ̀mejì yípo pẹ̀lú sùúrù, yóò sì tún wo máàkì. Bí fáàfù bá máa kan písítìn, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sì ní tíì ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ di irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ mú.

Ó yá, ṣéènì. Irin ni, inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń gbé, ọ́ìlì ló ń wẹ̀ ẹ́ tọ̀sán-tòru. Iléeṣẹ́ tó ṣe é kì í sábà kọ ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "títí ayé" yẹn ti jáde. Ṣùgbọ́n ojú ṣéènì kan lè lé ní ọgọ́rùn-ún, píìnì sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí, ìdọ̀tí náà á máa ha píìnì wọ̀nyẹn bí iyanrìn. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pàdánù kò tó ìwọ̀n irun orí. Ẹ wá fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀: ṣéènì ti gùn, ó ti dẹ̀. Káàmù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́yìn kíránkì. Tẹnṣánnà ló yẹ kó fà á padà, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, agbára ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ni tẹnṣánnà náà fi ń ti ṣéènì. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ọwọ́ tẹnṣánnà á rọ. Ike tí ṣéènì ń gbà kọjá náà ń gan, ó ń ya, ó ń já bọ́ sínú ọ́ìlì.

Kò dà bíi bẹ́líìtì, ṣéènì máa ń kìlọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó fi redíò sí i. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láti iwájú ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta kó tó dákẹ́, ọ́ìlì ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ tẹnṣánnà, tàbí kí ṣéènì ti dẹ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì mú P0016 jáde, ẹ́ńjìnnì ń sọ pé ìṣesí kíránkì àti ti káàmù kò bára mu mọ́. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a óò ní kí rẹ́wáyà bá wa pa iná náà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ́ìlì ni pé ibẹ̀ gan-an ni Èkó ti kù díẹ̀ káàtó. Ọ́ìlì ayédèrú pọ̀ nígboro, inú kẹ́ẹ̀gì tó dára ni wọ́n sì ń rọ ọ́ sí. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó wà nínú Camry Muscle ti 2007 sí 2009 ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì. Láàárín ìgbà tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì sí ìgbà tí ẹ ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó lè ti mu ún dé ìsàlẹ̀ géèjì, láìjò sílẹ̀ rárá. Ẹni tó rà á torí pé "ṣéènì ni" tí kò sì fa géèjì yọ wò láàárín oṣù mẹ́ta ti fi owó bẹ́líìtì tí kò ná pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ṣéènì bá sì béèrè owó tirẹ̀, ó máa ń pọ̀: ìdérí iwájú á jáde, ìgbà mìíràn àwo ọ́ìlì á jáde, gọ́ọ̀mù tuntun, ike tuntun, tẹnṣánnà tuntun, iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Àwọn BMW dísù kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi ṣéènì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níhà gíábọ́ọ̀sì. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́ igi.

Ìran kẹta kan tún ti dé, tí n kò fẹ́ràn rárá: bẹ́líìtì rọ́bà tí wọ́n fi sínú ọ́ìlì. Ford ṣe é sínú ẹ́ńjìnnì EcoBoost kékeré oní lítà kan, Peugeot àti Citroën sínú PureTech oní 1.2. Rọ́bà náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, èérún rẹ̀ á lọ dí ibi tí pọ́ńpù ti ń fa ọ́ìlì, gbogbo ẹ́ńjìnnì á wá gbẹ. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ti gba ìṣòro ìhà méjèèjì: ó gbọ́dọ̀ ka ọjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ́ìlì, irú ọ́ìlì tí ìwé sọ gan-an.

Èwo wá ló dára fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ l'Ékòó? (Etí mi máa ń gbọ́ "kò sí ọ̀fẹ́" nínú orúkọ yẹn, nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì rèé, kò purọ́.) Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀, tó ń ra ọ́ìlì gidi, tó sì ń fa géèjì yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ra ṣéènì, ọkọ̀ náà á sìn ín pẹ́. Ẹni tó fi ọkọ̀ sọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń jẹ́ owó ojúmọ́ fún un, ìdájọ́ mi yàtọ̀ sí ti ọjà. Dẹ́rẹ́bà yẹn ń ronú owó tí yóò jẹ́ lálẹ́, kì í ronú ọ́ìlì. Olówó ọkọ̀ kò lè wà níbẹ̀ láràárọ̀ láti wo géèjì, ṣùgbọ́n ó lè kọ ọjọ́ kan sílẹ̀, kó pe ọkọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, kó sì dúró ti mẹkáníìkì títí bẹ́líìtì tuntun á fi wọlé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, Sienna 2005 oní-bẹ́líìtì tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ sàn ju èyí tó ní ṣéènì tí kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ lọ.

Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́líìtì, ẹ wá ìwé pélébé kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti iye tó wà lójú aago máìlì sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ ṣéènì, ẹ fa géèjì yọ lọ́la kí ẹ tó tan ọkọ̀. Bí ẹ kò bá sì mọ èyí tó jẹ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ wo ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì: ike ni, àbí irin?